Ìrì Dídì Ni Aṣọ Adágún: Ìdí Tí Yìnyín Kan Fi Ń Gbé Ọkọ̀, Tí Òmíràn Fi Ń Gbé Èèyàn Mì

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú fídíò yìí lórí fóònù yín: adágún odò ńlá kan ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ojú ẹ̀ funfun báláú, àwọn èèyàn sì ń wa ọkọ̀ lórí ẹ̀. Ọkọ̀ gidi o, jíìpù! Àwọn kan gbé àga kalẹ̀, wọ́n lu ihò sójú omi tó ti le, wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja. Ọmọdé ń sáré, ajá ń sáré. Ẹ wá fọwọ́ ti fídíò yẹn sókè, ẹ rí i pé èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọkọ̀ kan tó ti rì dé fèrèsé nínú irú adágún bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ́ ọ jáde.

Irú adágún kan náà, irú òtútù kan náà. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi gbé jíìpù, tí ìkejì fi gbé e mì?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Chicago, ní Winnipeg àti láwọn ìlú mìíràn tí omi ti ń le ní ìgbà òtútù. Tó bá di oṣù Kejìlá, ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣeré lórí adágún ní Sátidé." Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré lọ́wọ́ bàbá àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwa tó jẹ́ inú fìríísà nìkan la ti rí yìnyín dàgbà, ta ló kọ́ wa? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu náà, ẹ má tíì lọ, nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí dùn gan-an.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù, ẹ rántí eléyìí: òtútù nìkan kọ́ ló ń sọ bí yìnyín ṣe máa le tó. Ohun tó bo yìnyín lórí, àti ohun tó ń lọ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n jọ ń pinnu ẹ̀ ni.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ

Èdè wa ò fi bẹ́ẹ̀ ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀, torí òtútù tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ yìí, yìnyín ni mo máa pe omi tó le gbagidi, irú èyí tó wà nínú fìríísà. Ìrì dídì ni mo máa pe èyí tó ń já bọ́ láti ojú sánmà, tó rọ̀ bí òwú.

Snowmobile ni ọkọ̀ kan tó jọ ọ̀kadà, àmọ́ kò ní táyà. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ló ní níwájú, ó sì ní bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan lábẹ́ tó ń yí, tó ń tì í lọ lórí ìrì dídì. Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, tí èèyàn á fi máa yọ̀ lọ, pẹ̀lú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ méjèèjì.

Ẹ má rò pé ohun ìṣeré ni irú ọkọ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀ o. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, ọmọkùnrin kékeré kan ṣàìsàn ní Valcourt, ní agbègbè Québec ní Kánádà. Ìrì dídì ti dí ọ̀nà pa, wọn ò rí ọ̀nà gbé e dé ọsibítù, ọmọ náà sì kú. Mẹkáníìkì ni bàbá ẹ̀, Joseph-Armand Bombardier ni orúkọ ẹ̀. Ó ti ń gbìyànjú látẹ̀yìn láti ṣe ọkọ̀ tó lè rìn lórí ìrì dídì. Ní 1937, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tó fi ń yí bẹ́líìtì abẹ́ ọkọ̀ náà. Ní 1959, ilé iṣẹ́ ẹ̀ gbé Ski-Doo jáde, ọkọ̀ kékeré tó sọ nǹkan ìdágbére fún ikú yẹn di ohun ìgbafẹ́ káàkiri.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òkè omi ló ń kọ́kọ́ le?

Ẹ rántí pure water tí ẹ gbàgbé sínú fìríísà lọ́jọ́sí. Ó wú, àbí? Nígbà míì, ọ̀rá ẹ̀ á tiẹ̀ bẹ́. Ẹ tún rántí báàfù tí wọ́n ń kó mínírà sí níbi ìnáwó: áìsì bùlọ́ọ̀kù kì í rì sí ìsàlẹ̀, ńṣe ló ń léfòó. Ohun kan náà ló fa méjèèjì. Tí omi bá di yìnyín, ó máa ń gba àyè púpọ̀ sí i, torí náà ó máa ń fúyẹ́ ju omi lọ. Omi líta kan wúwo tó kìlógíráàmù 1. Yìnyín tó gba àyè líta kan ò ju gíráàmù 917 lọ.

Omi tún ní ìwà kan tó ṣàjèjì. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tutù sí i ni wọ́n ń sún kì sí i, tí wọ́n ń wúwo sí i. Omi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá dé 4°C, ó yí ìwà padà. Láti 4°C lọ sí 0°C, bó ṣe ń tutù ló ń fúyẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún adágún. Bí òtútù bá ń bọ̀, omi òkè á tutù, á wúwo, á rì lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ á gòkè wá, òun náà á tutù, á rì. Bẹ́ẹ̀ ni adágún á máa ro ara ẹ̀ bí ẹni ń ro àmàlà, títí gbogbo ẹ̀ á fi di nǹkan bíi 4°C. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òkè tó bá tún tutù sí i ò ní rì mọ́, torí ó ti fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Òkè níbẹ̀ ló máa dúró sí, á tutù dé 0°C, á sì di yìnyín fẹ́lẹ́.

Ohun méjì la rí kọ́ níbí. Èkíní, adágún tó jìn máa ń pẹ́ kó tó le, torí gbogbo omi inú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù. Nítorí náà, adágún méjì tó wà nítòsí ara wọn lè yàtọ̀ síra: ọ̀kan ti le, èkejì ṣì ń rú ìgbì. Èkejì, omi tó wà lábẹ́ yìnyín ṣì ní ooru tiẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹja yè nìyẹn, òun náà ló sì lè jẹ yìnyín láti ìsàlẹ̀ tí a ò ní mọ̀.

Bí yìnyín ṣe ń nípọn

Lẹ́yìn tí òkè omi bá ti le tán, abẹ́ ni yìnyín tuntun ti ń kún un. Àmọ́ kí omi abẹ́ yẹn tó lè di yìnyín, ó gbọ́dọ̀ tú ooru inú ẹ̀ dà nù, ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ gba inú yìnyín tó wà lókè kọjá kó tó dé ojú afẹ́fẹ́. Bí yìnyín bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ooru ṣe gùn tó. Ìyẹn ni pé yìnyín fúnra ẹ̀ ló ń dí ara ẹ̀ lọ́wọ́.

Onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Josef Stefan ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ní 1891, nígbà tó ń wo yìnyín orí òkun ní ìpẹ̀kun ayé. Ká ní ojú yìnyín dúró sí 10°C nísàlẹ̀ òdo láìyẹ̀, tí ìrì dídì kankan ò sì bò ó. Ìṣirò Stefan fi hàn pé:

- ní ọjọ́ 1, yìnyín á nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11;
- ní ọjọ́ 4, á tó sẹ̀ǹtímítà 22;
- ní ọjọ́ 9, á tó sẹ̀ǹtímítà 33.

Ẹ rí i? Kó tó lè di ìlọ́po méjì, ọjọ́ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Lójú ayé gan-an, ó máa ń lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ máa ń yí padà, oòrùn máa ń ràn, ìrì dídì sì máa ń bọ́. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ pé, "Òtútù àná pọ̀ gan-an, yìnyín á ti nípọn," ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Òru ọjọ́ kan ò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ìrì dídì: ọ̀rẹ́ lójú, ọ̀tá lẹ́yìn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Àwa tí a ò bá òtútù dàgbà, tí a bá rí ìrì dídì rẹpẹtẹ lórí adágún, ohun tó máa wá sí wa lọ́kàn ni pé, "Ah, ibí tutù gan-an, ó dájú pé yìnyín abẹ́ ẹ̀ á ki dáadáa." Òdìkejì ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Inú ìrì dídì tuntun kún fún afẹ́fẹ́, bí inú fóòmù tàbí òwú. Afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Yìnyín gidi ń jẹ́ kí ooru kọjá ní ìlọ́po 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ìrì dídì tuntun lọ. Torí náà, bí ìrì dídì bá bo adágún, aṣọ ló bò ó yẹn. Afẹ́fẹ́ òkè lè tutù bó ṣe fẹ́, ooru abẹ́ ò rí ọ̀nà jáde mọ́, yìnyín náà ò sì ní nípọn sí i bó ṣe yẹ. Bí a ṣe ń fi aṣọ bo kúlà kí áìsì inú ẹ̀ má tètè yọ́ nìyẹn, àmọ́ níbí, omi ni aṣọ ń dáàbò bò lọ́wọ́ òtútù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìrì dídì tún ní ìwúwo. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé yìnyín fúyẹ́ díẹ̀ ju omi lọ. Díẹ̀ yẹn ò pọ̀ rárá o. Ẹ mú yìnyín tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ tó mítà kan lóròó àti mítà kan níbùú. Tí ẹ bá tẹ́ ẹrù tó kọjá nǹkan bíi kìlógíráàmù 8 sórí ẹ̀ kárí, ojú ẹ̀ á rì dọ́gba pẹ̀lú omi. Ìrì dídì tuntun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 8 péré sì lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, "Ṣé èèyàn ò wá wúwo ju kìlógíráàmù 8 lọ ni?" Ìbéèrè tó dáa. Tí èèyàn bá dúró sójú kan, yìnyín tó yí i ká lápá ọ̀tún àti lápá òsì ló ń bá a gbé ẹrù náà, bí àwọn aládùúgbò tó ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ìrì dídì ní tiẹ̀ bo gbogbo adágún lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí aládùúgbò tó ráyè, ẹrù wà lórí kálukú.

Nígbà tí ojú yìnyín bá ti rì bẹ́ẹ̀, omi á gba ojú pátípàtì inú ẹ̀ gòkè, á sì pò mọ́ ìrì dídì, á di ẹrẹ̀ tútù kan tó fara pamọ́. Lójú, funfun gbalaja ni. Snowmobile tó bá kó sí i á rì dé ìdí, bẹ́líìtì ẹ̀ á máa yí lásán. Ẹni tó wọ síkì, omi yẹn á dì mọ́ abẹ́ pátákó ẹ̀, á wá dà bí ẹni tó wọ bàtà símẹ́ńtì.

Tí ẹrẹ̀ yìí bá wá dì, yìnyín funfun ló máa ń dà, tí inú ẹ̀ kún fún ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké. Ó le, àmọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba Minnesota tó ń bójú tó omi àti igbó sọ pé agbára ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdajì ti yìnyín tuntun tó mọ́ gaara lọ. Yìnyín tó mọ́ gaara ló sì máa ń dúdú lójú, torí omi tó ṣókùnkùn lábẹ́ ẹ̀ là ń rí. Ẹ ò rí nǹkan! Èyí tó dúdú, tó ń bà wá lẹ́rù, ló lágbára jù. Èyí tó funfun, tó dà bíi pé ó ṣeé fọkàn tán, ló ń tàn wá.

Ó dáa, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó?

Ilé iṣẹ́ ìjọba Minnesota kan náà ní ìlànà fún yìnyín tuntun tó mọ́ gaara:

- Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tàbí tó ń fi síkì yọ̀ lọ: ó kéré tán íǹṣì 4 (sẹ̀ǹtímítà 10).
- Snowmobile kan: íǹṣì 5 sí 7 (sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18).
- Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré: íǹṣì 9 sí 10 (sẹ̀ǹtímítà 23 sí 25).

Tó bá jẹ́ yìnyín funfun ni, ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì. Wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí yìnyín kankan tó láàbò pátápátá.

Kí ló dé tí íǹṣì kan tàbí méjì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Torí agbára yìnyín kì í dín kù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ńṣe ló ń já wálẹ̀. Lorne Gold, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba Kánádà, kó ìròyìn jọ nípa àwọn ọkọ̀ tó gba orí yìnyín kọjá àti àwọn tó já sómi, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ń lò títí dòní láti inú iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ẹrù tí yìnyín lè gbé ń bá ìnípọn ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ara ẹ̀. Ká sọ ọ́ bó ṣe yéni: tí ìnípọn bá dín kù sí ìdajì, agbára á dín kù sí ìdá mẹ́rin. Snowmobile nìkan, láìtíì gbé èèyàn, sábà máa ń wúwo ju kìlógíráàmù 200 lọ. Ibi tí yìnyín ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 16 lè gbé e láìsí wàhálà. Ibi tó bá ti di sẹ̀ǹtímítà 8, ìdá mẹ́rin agbára yẹn péré ló kù.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sì lè wáyé láàárín ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn máa fi irin ṣóńṣó tàbí ẹ̀rọ ìlu-yìnyín yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 150, ìyẹn nǹkan bíi mítà 45. Kí wọ́n lu ihò kan sí etí omi, kí wọ́n wá máa fọ́nnu pé "a ti wọ̀n ọ́n", kò tó.

Ibi tí yìnyín ti máa ń dalẹ̀

- Ibi tí odò ti ń wọ inú adágún, tàbí ibi tó ti ń jáde. Omi tó ń ṣàn kì í jẹ́ kí yìnyín ráyè nípọn.
- Ibi tí adágún ti fún láàárín ilẹ̀ méjì, àti abẹ́ afárá. Omi ń sáré níbẹ̀.
- Ibi tí ìsun omi wà lábẹ́.
- Ìdí koríko odò, òkúta àti òpó tó yọ sókè. Oòrùn ń mú wọn gbóná, wọ́n á sì máa yọ́ yìnyín tó yí wọn ká.
- Ibi tí àwọn ẹyẹ omi kóra jọ sí. Lílúwẹ̀ẹ́ wọn kì í jẹ́ kí omi ibẹ̀ le.
- Ibi tí yìnyín ti sán, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti rọ́ lu ara wọn, tí wọ́n ga bí ebè. Omi lè ṣí sílẹ̀ nídìí ibẹ̀ nígbàkígbà.

Afẹ́fẹ́ náà ò kẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, lórí adágún Upper Red Lake ní àríwá Minnesota, yìnyín ńlá kan já kúrò lára èyí tó so mọ́ etí omi, ó sì gbé ju ọgọ́rùn-ún apẹja lọ sáàárín omi. Yìnyín tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ò fọ́ o. Àmọ́ omi ti wà láàárín àwọn àti ilẹ̀. A dúpẹ́ pé wọ́n gba gbogbo wọn là. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé yìnyín lè nípọn tó lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, síbẹ̀ kí ọ̀nà ilé ti já.

Lórí ilẹ̀ ńkọ́?

Minnesota ní ju 20,000 máìlì ọ̀nà snowmobile lọ, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àdúgbò ló sì ń tún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan á máa wọ́ irin lórí ìrì dídì, á fọ́ ọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí òtútù òru ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn wóró ìrì dídì tó fara kan ara wọn á so pọ̀, ọ̀nà náà á le bí ẹní tí wọ́n hun. Bí ẹnikẹ́ni bá gba orí ẹ̀ kọjá kó tó so pọ̀ tán, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà síkì náà nílò irú sùúrù yìí.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ adágún ti padà wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà wọ̀nyí ló gba inú àbàtà kọjá. Tí ìrì dídì púpọ̀ bá bọ́ kí òtútù tó mú àbàtà, aṣọ ti bò ó nìyẹn, ẹrẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ò ní le. Ohun tí awakọ̀ ń gbàdúrà fún nìyí: kí òtútù gbẹ kọ́kọ́ dé, kí ilẹ̀ àti omi le, kí ìrì dídì tó wá tẹ̀ lé e. Tí ètò yẹn bá dojú rú, ọ̀nà lè dára lójú, kó má dára nídìí.

Ètò yẹn sì ti ń dojú rú lemọ́lemọ́. Ìgbà òtútù 2023 sí 2024 ni ó gbóná jù nínú àkọsílẹ̀ Minnesota. Ní Wisconsin tó múlé tì í, ìdíje síkì American Birkebeiner máa ń parí pẹ̀lú pé àwọn eléré ìdárayá á gba orí yìnyín adágún Hayward kọjá wọ ìlú. Wọ́n fagi lé e ní 2017 torí ojú ọjọ́ gbóná. Ní 2024, àfi ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ìrì dídì, tí wọ́n sì ń yí po lórí ọ̀nà kìlómítà 10. Ẹni tó bá ń lo ìrírí ogún ọdún sẹ́yìn láti sọ pé "oṣù Kìíní ti dé, ó ti le", kó rọra.

Ẹ tẹ́tí, ẹ sì wo ọjọ́

Adágún tó le máa ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń dún bí ìbọn, ó máa ń kùn bí ilù tí wọ́n lù lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á sá. Ohun tó sábà ń fà á ni pé yìnyín ń sún kì bí òtútù bá pọ̀ sí i, ó sì ń gbòòrò bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí náà ó ń sán. Ariwo nìkan ò túmọ̀ sí pé yìnyín fẹ́lẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ò sì túmọ̀ sí pé ó nípọn.

Oṣù Kẹta ló tún ń tan èèyàn jù. Oòrùn á ti máa wọnú yìnyín, á máa yọ́ ojú ibi tí àwọn wóró ńlá inú ẹ̀ ti so pọ̀. Yìnyín náà á wá di ọ̀pá òòró tó tò tira bí àbẹ́là nínú páálí. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ lè rí sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kó tú ká. Gbogbo iye tí mo kọ sókè yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà yẹn.

Tí yìnyín bá já ńkọ́?

Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Winnipeg, ti wọ inú omi yìnyín fúnra ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìwádìí. Òun ló sọ ìlànà 1-10-1 di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀:

- Ìṣẹ́jú 1: òtútù á gbà yín lójijì, èémí á máa sáré. Ẹ má jà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni kí orí yín wà lókè omi, kí èémí rọlẹ̀.
- Ìṣẹ́jú 10: apá àti ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Àsìkò àtijáde nìyẹn.
- Wákàtí 1: nǹkan bí àkókò tó ń gbà kí òtútù tó dá èèyàn kú lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìṣẹ́jú méjì ni, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń pa wọ́n.

Ẹ yíjú padà sí ibi tí ẹ ti wá, torí yìnyín ibẹ̀ ló gbé yín wá láìjá. Ẹ gbé apá lé e, ẹ fi ẹsẹ̀ lu omi bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ kí ara yín lè nà gbalaja, ẹ fà ara yín jáde. Tí ẹ bá ti jáde, ẹ má dìde! Ẹ yí gbiri-gbiri lọ títí ẹ ó fi jìnnà sí ihò náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi irin ṣóńṣó kékeré méjì kọ́rùn, tí wọ́n á fi gún yìnyín dì mú. Wọ́n tún máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó. Ẹni tó bá wọ síkì, kó tú okùn ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ kó tó bọ́ sórí adágún.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló já sínú ẹ̀, ẹ má sáré lọ bá a. Ẹ pe 911, ẹ na igi tàbí okùn sí i láti ibi tó le. Àwọn baba wa ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ló ń yẹni. Òótọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ sórí yìnyín. Àmọ́ níbẹ̀, kí ẹ rìn ká pọ̀ náà ni, kí ẹ sì jìnnà síra, kí ihò kan má baà gbé gbogbo yín.

Bí ẹ bá wà nílé ní Nàìjíríà tàbí Benin, ẹ gbé abọ́ omi kan sínú fìríísà lálẹ́ òní, ẹ yọ ọ́ kó tó dì tán. Ẹ máa rí i pé etí àti òkè ló kọ́kọ́ le, omi ṣì wà láàárín. Ẹ gbé e sí ojú iná, ẹ wo ibi tó mọ́ gaara àti ibi tó funfun. Bí ẹ bá sì wà níbi tí adágún ti ń le, tí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ ní ẹ jẹ́ ká lọ ní Sátidé, ẹ lọ, ẹ gbádùn ara yín. Àmọ́ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló wọ̀n ọ́n lónìí? Ibo ni wọ́n wọ̀n ọ́n dé? Ṣé funfun ni àbí gaara? Tí kò bá ní èsì, ẹ dúró sí etí omi. Ìtìjú ò ní kí yìnyín nípọn sí i.